Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú: Ikọ̀ Calgary, Gbèdéke Owó àti Ọjọ́ Tí A Ń Jẹ́ Kí Ènìyàn Lọ

Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò ní ìlú Calgary, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Kánádà, ní ìparí ọdún 2003, mo wà nínú bọ́ọ̀sì ìdájí nígbà tí rédíò awakọ̀ dárúkọ ẹnìkan. Ẹni tí ó ń ka ìròyìn eré ìdárayá náà fi ahọ́n òyìnbó lọ́ orúkọ náà pọ̀, síbẹ̀ etí mi mú un. Iginla. Mo bi ọkùnrin tí ó jókòó tì mí pé ta ni wọ́n ń sọ. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ orúkọ olórí ìjọba. Ó ní, "Balógun ikọ̀ wa ni." Igi ńlá! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ ìtumọ̀ orúkọ náà fún un. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí n tún un sọ fún àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn wa.

Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti wádìí rẹ̀. Jarome Iginla ni. Ìlú Edmonton ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1977. Amòfin tí ó wá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀; ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀; Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Họ́kì orí yìnyín ni eré rẹ̀: ènìyàn mẹ́fà kọjú sí ènìyàn mẹ́fà, wọ́n wọ bàtà tí irin wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń sáré lórí omi dídì, wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá àwo rọ́bà pẹlẹbẹ kan sínú àwọ̀n. Ní sáà 2001 sí 2002, gólù 52 ni Iginla gbá wọlé fún ikọ̀ Calgary Flames, kò sì sí ẹni tí ó tó o ní gbogbo líìgì NHL. Ní sáà yẹn kan náà ni ó gbá gólù méjì wọlé ní ọjọ́ tí Kánádà na Amẹ́ríkà láti gba wúrà ìdíje Olympics ní Salt Lake City.

Ní ọdún 2004, ó kó ikọ̀ wa dé ìdíje àṣekágbá fún Ife Stanley. Ayò méje ni wọ́n ta. Ìkeje ni a pàdánù, ní Tampa, pẹ̀lú gólù méjì sí ẹyọ kan. Mo wà láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó wọ aṣọ pupa lójú pópó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. N kò tí ì mọ òfin eré náà tán, ṣùgbọ́n mo ké bí ọmọ bíbí ìlú. Ẹni tí kò ní ẹbí nínú ìlú tí ó dé, bí ó bá rí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ ilé rẹ̀, ẹbí ni yóò fi í ṣe.

Èmi kì í ṣe akọ̀ròyìn eré ìdárayá. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wo bí ikọ̀ kan ṣe ń wó ilé rẹ̀ tí ó sì ń tún un kọ́, mo sì ti rí ohun kan tí mo fẹ́ fi lé ẹ̀yin òǹkàwé lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn rò pé ọjọ́ tí ikọ̀ bá ra gbajúmọ̀ ni àtúnkọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ràn lọ ni àtúnkọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì ṣe jẹ́ kí ẹni náà lọ ni yóò sọ bóyá ilé yóò dúró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé òfin owó wọn, nítorí kò jọ ti bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá tí a mọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, olówó a máa ra ẹni tí ó bá wù ú. Bí ọ̀kan kò bá ṣe é, a tún ra òmíràn. NHL kò gba irú èyí. Lẹ́yìn ìdíje àṣekágbá ọdún 2004 yẹn, àwọn tí ó ni ikọ̀ àti àwọn eléré kò lè fẹnu kò lórí owó, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Odidi sáà 2004 sí 2005 lọ láìsí eré, ẹnikẹ́ni kò sì gba ife. Nígbà tí wọ́n padà dé, òfin tuntun ti dé pẹ̀lú wọn: gbèdéke owó oṣù. Ikọ̀ kankan kò gbọdọ̀ ná ju mílíọ̀nù dọ́là 39 lọ lórí àwọn eléré rẹ̀ ní sáà náà, ìbáà jẹ́ ikọ̀ ọlọ́rọ̀ New York tàbí tiwa ní Calgary. Ìpìlẹ̀ kan sì wà pẹ̀lú tí owó ikọ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ jù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Líìgì náà wá sọ pé ìtẹ́ kan náà ni gbogbo eku yóò máa gbé. Gbèdéke náà gòkè títí ó fi dé mílíọ̀nù 81.5 ní sáà 2019 sí 2020. Àrùn kòrónà wá dá a dúró sójú kan náà fún sáà méjì tí ó tẹ̀ lé e. Ní sáà 2024 sí 2025, mílíọ̀nù 88 ni. Fún sáà 2025 sí 2026, mílíọ̀nù 95.5.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé. Wọ́n á kó gbogbo owó inú ìwé àdéhùn eléré kan jọ, wọ́n á pín in sí iye ọdún tí àdéhùn náà yóò gbà, iye tí ó bá yọ ni yóò jókòó sínú ìwé ikọ̀ lọ́dọọdún títí àdéhùn yóò fi parí. Bí ẹni náà bá gbá 50 gólù, iye náà ni. Bí eékún bá ń dùn ún tí kò lè sáré mọ́, iye náà ni. Ọ̀dọ́mọdé wà lábẹ́ ikọ̀ tí ó yàn án. Ṣùgbọ́n bí ó bá pé ọmọ ọdún 27, tàbí tí ó ti lo sáà méje, tí àdéhùn rẹ̀ sì parí, ó di òmìnira. Yóò lè lọ sí ibi tí ó bá wù ú. Ní gbogbo ọdún tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn 2013, ikọ̀ ẹni lè fún ẹni ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ, ikọ̀ àjèjì kò lè kọjá méje. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ọjà òmìnira náà sáábà máa ń ṣí, ọjọ́ ìbí Iginla gan-an.

Ọjà àrà ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí eléré ṣe lánàá ni wọ́n ń pàtẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣe lọ́la ni olùrà ń sanwó fún. Ẹni tí ó bá ti dé ọjà yẹn ti sún mọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ikọ̀ mìíràn ni ó sì ti jẹ adùn ìgbà èwe rẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn tí ó gbọ́n kì í fi sáré wọ ọjà náà ní òwúrọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìlọkúrò mẹ́ta.

Èkíní ṣẹlẹ̀ kí n tó mọ ibi tí Calgary wà. Ní oṣù Kejìlá 1995, balógun ikọ̀ náà, Joe Nieuwendyk, ń bá àwọn aláṣẹ jà lórí owó, kò sì bá wọn gbá eré ní sáà yẹn. Kàkà kí wọ́n jókòó máa wò ó títí iye rẹ̀ yóò fi wálẹ̀, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ikọ̀ Dallas. Lára ohun tí wọ́n gbà ni ọmọ ọdún 18 kan tí kò tí ì gbá eré kankan ní NHL. Jarome Iginla ni ọmọ náà. Nieuwendyk bá Dallas gba Ife Stanley ní 1999; kò sí ẹni tí ó jẹ gbèsè ẹnìkejì. Ikọ̀ méjèèjì gba ohun tí wọ́n ń wá, nítorí pé Calgary ta balógun rẹ̀ nígbà tí iye rẹ̀ ṣì ga.

Ìkejì ni ti Iginla fúnra rẹ̀. Láti 2010 ni ikọ̀ wa kò ti rí ọ̀nà wọ ìdíje ìparí sáà mọ́. Gbogbo ènìyàn rí i pé ilé ti ń jò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gé igi tí gbogbo ìlú ń jókòó sábẹ́ rẹ̀? Ọdún ń gorí ọdún, ọjọ́ orí balógun ń lọ sókè, àdéhùn rẹ̀ ń tán lọ, àwọn aláṣẹ sì ń fi gbajúmọ̀ tí ó ti dàgbà tẹ́ ihò òrùlé. Ní oṣù Kẹta 2013, nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ kí àdéhùn rẹ̀ parí, ni wọ́n tó gbà. Àdéhùn náà fún un ní ẹ̀tọ́ láti sọ ibi tí òun yóò lọ. Pittsburgh ni ó yàn. Ọ̀dọ́ méjì àti ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ kan ní ipò 28 ni Calgary rí gbà lórí ọkùnrin tí ó gbá gólù 525 wọlé fún wọn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ta gbòǹgbò. Mo jókòó sí ilé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Àwọn aláṣẹ fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ìfẹ́ náà ni ó sì jẹ́ kí á fi í lọ́wọ́ tán kí á tó tà á.

Kí n má fi í pamọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lára ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ní ọdún 2015, owó epo rọ̀bì wálẹ̀, ìlú Calgary sì ń gbé lórí epo rọ̀bì. Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣírò owó, tí n kò ní dárúkọ, pe mí wọ yàrá kékeré kan. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí n kò rí rí ni ó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ ń ṣe àtúntò. Mo mọ ìṣirò náà, nítorí èmi ni mo kọ díẹ̀ nínú rẹ̀: bí a bá yọ àwọn tí owó oṣù wọ́n ga, ìwé yóò wọ̀n. N kò mọ̀ pé nọ́ḿbà mi wà nínú ọ̀wọ́ náà. Mo gbé páálí ẹrù mi jáde sínú òjò dídì, mo sì ronú kan Iginla. Bí a bá ń wo ikọ̀ láti òkèèrè, àtúnkọ́ a máa dùn ún sọ. Ẹni tí wọ́n yọ bíi bíríkì ni ó mọ bí ó ṣe ń dùn.

Síbẹ̀ ìlọkúrò kẹta ni ó kọ́ mi jù.

Ní sáà 2021 sí 2022, ikọ̀ wa dára púpọ̀. Johnny Gaudreau, tí wọ́n yàn ní ipò 104 ní 2011, kó àmì 115 jọ. Matthew Tkachuk kó 104. Àdéhùn Gaudreau ń parí lọ, ṣùgbọ́n ikọ̀ ń borí, ta ni yóò ta á? Nígbà tí ọjà ṣí ní oṣù Keje 2022, ó di òmìnira, ó sì gba Columbus lọ fún ọdún méje, mílíọ̀nù dọ́là 9.75 lọ́dún. Ìròyìn sọ pé owó tí Calgary fi lọ̀ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun fẹ́ sún mọ́ ẹbí òun ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Kọ́bọ̀ kò wọlé fún wa lórí rẹ̀. Lọ́gán ni Tkachuk, ọmọ ọdún 24, sọ pé òun náà kò ní tọwọ́ bọ àdéhùn ọlọ́jọ́ gígùn.

Ní tòótọ́, àwọn aláṣẹ rí nǹkan gbà lórí Tkachuk: Florida fún wọn ní Jonathan Huberdeau, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àmì 115 jọ, MacKenzie Weegar, ọ̀dọ́ kan, àti ẹ̀tọ́ ìṣàyàn ipele kìíní kan. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì nìyí. Wọn ì bá gbà pé ilé ti wó, kí wọ́n sì kọ́ òmíràn láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n fún Huberdeau, ọmọ ọdún 29, ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ, mílíọ̀nù 84: mílíọ̀nù 10.5 lọ́dún, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo gbèdéke nígbà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún wọ ọjà òmìnira, wọ́n ra Nazem Kadri, ọmọ ọdún 31, fún ọdún méje, mílíọ̀nù méje lọ́dún. Kí àyè lè ṣí fún Kadri nínú ìwé, wọ́n ní láti kó Sean Monahan, tí ara rẹ̀ kò yá, lọ sí Montreal. Wọn kò sì gba owó lórí rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tọ́ ìṣàyàn ipele kìíní kan lé e kí Montreal tó gbà á. Monahan yìí ni ọ̀dọ́ tí wọ́n yàn ní ipò kẹfà ní 2013, èso àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí Iginla lọ.

Ẹ wo bí gbèsè náà ṣe bọ̀. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, àmì Huberdeau já láti 115 sí 55, ikọ̀ kò sì wọ ìdíje ìparí sáà. Florida àti Tkachuk gba Ife Stanley ní 2024, wọ́n tún gbà á ní 2025. Ní oṣù Kẹfà 2025, nígbà tí àkókò ìṣàyàn tó, ẹ̀tọ́ tí Montreal gbà lọ́wọ́ wa nítorí Monahan já sí ipò 16. Ẹ̀tọ́ tí Florida fún wa lórí Tkachuk já sí ipò 32, ìparí pátápátá ní ipele náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gba ife ni í yàn kẹ́yìn, Tkachuk tí a tà ni ó sì bá wọn gba ife náà. Kádàrá a máa ṣe ẹlẹ́yà.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan níhìn-ín. Ní 2022, níbi ìkómọ kan ní ilé ọ̀rẹ́ wa, mo pe Gaudreau ní aláìmoore. Mo ní ó jẹ́ kí á bọ́ ọ, kí á tọ́ ọ, ó wá ná wa lórí lọ́jọ́ ìkórè. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà fún mi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2024, ó ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, Matthew, ní ìpínlẹ̀ New Jersey tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Ọkọ̀ kọlù wọ́n láti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì sì kú. Ọ̀la ni ó yẹ kí wọ́n bá àbúrò wọn obìnrin ṣe ìgbéyàwó. Monahan, tí ó ti gbá eré pẹ̀lú rẹ̀ ní Calgary, ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ bọ àdéhùn ní Columbus ní oṣù Keje ọdún yẹn kí wọ́n lè tún jọ wà papọ̀. Wọn kò jọ gbá eré kan níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ìlú wa kó òdòdó àti àbẹ́là lọ sí iwájú pápá eré. Èmi àti ọmọkùnrin mi wà níbẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ó sì korò. Ọdún méjì tí ó fi sún mọ́ ẹbí rẹ̀, ohun tí mo pè ní àìmoore nìyẹn. Aláṣẹ ikọ̀ ni ó jẹ̀bi àìtètè pinnu. Ọmọkùnrin náà kò jẹ̀bi nǹkan kan. Òmìnira rẹ̀ ni ó lò. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ṣírò owó ikọ̀ lórí tábìlì mi, mo máa ń kọ orúkọ eléré lódindi. N kì í kọ nọ́ḿbà nìkan.

Ní oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n fi Craig Conroy ṣe alákòóso àgbà. Òun ni ó máa ń gbá àárín fún Iginla ní sáà tí ó fi gbá gólù 52. Lọ́dún náà ni Iginla sì di olùdámọ̀ràn rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára ara wọn. Bí igi bá wó lu igi, tòkè ni à á kọ́kọ́ gbé. Conroy wo ìwé, ó wá àwọn tí àdéhùn wọn yóò parí tí wọn kò sì fẹ́ tọwọ́ bọ tuntun, ó sì ń tà wọ́n kí ọjọ́ tó pé: Elias Lindholm lọ sí Vancouver, Chris Tanev sí Dallas, Noah Hanifin sí Vegas. Ó ta aṣọ́lé wa, Jacob Markstrom, fún New Jersey, ẹ̀tọ́ tí ó gbà lórí rẹ̀ sì mú ọ̀dọ́ kan wá ní ipò 18 ní 2025. Àyè tí Markstrom fi sílẹ̀ ni Dustin Wolf bọ́ sí. Ipò 214 ni wọ́n ti yan Wolf ní 2019, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dìde lórí àga wọn. Ní sáà 2024 sí 2025, ó wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ fún ẹ̀bùn ọ̀dọ́ tuntun tí ó dára jù. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n a ní láti gé ìyá kí oòrùn tó lè kan ọmọ.

Sáà 2024 sí 2025 náà ni ó wá gbé ìdánwò dé. Àmì 96 ni a ní, St. Louis náà ní 96. Wọ́n fi ayò tí wọ́n borí láàrin àkókò gidi jù wá, àwọn ni wọ́n sì gba àyè ìkẹyìn. Kété lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níhìn-ín pè mí. Ó ní, "Àbúrò, a ti dé ẹnu ọ̀nà. Gbèdéke ti gòkè, owó wà nílẹ̀. Kí wọ́n ra ẹni méjì ní oṣù Keje, ó tán." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé ẹ rántí bí St. Louis ṣe jù wá lọ?" Mo rán wọn létí pé ní oṣù Keje 2024, Edmonton, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ife lọ́jọ́ keje, wọ ọjà òmìnira, ó fi àwọn àgbà eléré kún àyè inú ìwé rẹ̀ dẹ́nu. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ, St. Louis na owó sí ọ̀dọ́ Edmonton méjì, Broberg àti Holloway. Òfin fún Edmonton ní ọ̀sẹ̀ kan láti san iye kan náà kí ó dá wọn dúró, ṣùgbọ́n kò sí àyè mọ́. Àwọn méjèèjì lọ. Àwọn ọ̀dọ́ náà wà lára ohun tí ó gbé St. Louis dé àmì 96.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ni ìwọ ì bá ṣe?" Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí. Bí gbèdéke bá gòkè fún ikọ̀ kan, ó gòkè fún gbogbo wọn. Owó tí gbogbo ará ọjà ní kì í ṣe ọlá, iye ọjà ni yóò gbé sókè. Nítorí náà, n kò ní ra ẹnikẹ́ni tí ó ti lé ní ọdún 28 fún ju ọdún mẹ́ta lọ. Màá fi àyè òfìfo inú ìwé ṣe ọjà títà: ikọ̀ tí ọrùn rẹ̀ há, kí ó gbé ẹrù rẹ̀ wá, kí ó sì fi ẹ̀tọ́ ìṣàyàn lé e, gẹ́gẹ́ bí Montreal ti ṣe fún wa. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ku ọdún kan, màá bi í léèrè ní tààrà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá yóò dúró. Bí kò bá ní dúró, á jọ wá ibi tí yóò dára fún un. Àwọn ọ̀dọ́ wa, màá tètè sanwó fún wọn, kí ọdún mẹ́jọ wọn lè bọ́ sí ìgbà agbára wọn. N kò sì ní lé gbogbo àgbà jáde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kadri tí mo bú pé ó ti dàgbà gbá gólù 35 wọlé ní sáà 2024 sí 2025, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Àṣìṣe 2022 kò sí nínú pé ó dàgbà. Pé wọ́n rà á láti fi sá fún òtítọ́ ni àṣìṣe náà.

Ẹ̀gbọ́n ní ètò mi gùn. Òótọ́ ni. Ó lè gba ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó sì lè má so èso, nítorí ọ̀dọ́ tí a yàn lè di Iginla, ó sì lè di ẹni tí a kò ní rántí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kúkúrú ni a ti ń tọ̀ láti 2010, kò sì tí ì mú wa délé.

Ní oṣù Kẹfà 2024, Utah yan Tij, ọmọ Iginla, ní ipò kẹfà. Ipò kẹsàn-án ni tiwa wà. Ọmọkùnrin mi, tí aṣọ Tkachuk rẹ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, bi mí bóyá ó dùn mí. Mo ní ó dùn mí díẹ̀. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ náà, ìlú mìíràn ni ó kọ́kọ́ yàn án; Dallas ni, kì í ṣe Calgary.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí ọjà ṣí, ọmọ náà jókòó ti fóònù rẹ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó jáde wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Dádì, a kò ra gbajúmọ̀ kankan." Mo ní kí ó jókòó kí ó mu omi, pé ìròyìn ayọ̀ ni ó mú wá.